Orí ń fọ́ mi: irú ẹ̀fọ́rí wo ni, oògùn wo ló sì bá a mu?

Ẹni tó bá wọ kẹ́mísìtì ní Tánkẹ̀ tàbí nítòsí Ọjà Ọba ní Ìlọrin, tó ní orí ń fọ́ òun, kì í pẹ́ jáde. Wọ́n á nawọ́ parasitámọ́ọ̀lù sí i, tàbí Alábùkún, wọ́n sì lè fi oògùn ibà kún un. Ó san owó, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé apá ibo gan-an ló ń fọ́, láti ìgbà wo, ṣé ó jẹun, ṣé ó sùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdáhùn àwọn ìbéèrè yẹn ló ń fi oògùn tó yẹ hàn, òun náà ló sì ń fi hàn nígbà tí kò yẹ kéèyàn lo oògùn kankan. Mo fẹ́ gbé àwọn ẹ̀fọ́rí tó wọ́pọ̀ láàárín wa sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí n sì gbé àwọn ohun tí à ń lò sí wọn kalẹ̀ bákan náà, kí olúkúlùkù lè mú èyí tó bá tirẹ̀ mu.

Èyí tó ń fún orí àti túúlu

Ẹ̀fọ́rí tó wọ́pọ̀ jù lọ ni èyí tó máa ń fún orí yípo, bí ìgbà tí wọ́n we gèlè le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń mú, láti iwájú orí títí dé ìpàkọ́ àti ọrùn. Kì í lù, ńṣe ló ń tẹ orí mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń ṣe lè máa rìn, kó máa tajà, kó máa wakọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá gágá. Ó lè lọ láàárín ìṣẹ́jú 30, ó sì lè gbé ọjọ́ 7.

Ọrùn àti èjìká ló sábà máa ń dá a sílẹ̀, pẹ̀lú àìsùn, ebi àti ìrònú. Ẹ wo ahunṣọ nídìí òfì rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lábẹ́ òfì, ọwọ́ rẹ̀ ń ju òwú láti ọ̀tún sí òsì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fọ́nrán tó tẹ́ lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, ọrùn ò gbé sókè. Kí ọ̀sán tó pọ́n, iṣan èjìká ti le gbagidi, ìrora á sì gba ẹ̀yìn ọrùn gòkè wá sórí. Télọ̀, onídìrí, akẹ́kọ̀ọ́ tó doríkodò sídìí fóònù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ohun tó dára jù fún irú èyí kò sí ní kẹ́mísìtì. Kí èèyàn dìde ní wákàtí wákàtí, kó na ẹ̀yìn, kó yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó fi aṣọ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná lé èjìká, kó jẹun, kó mu omi. Bó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn èyí, parasitámọ́ọ̀lù tó o.

Túúlu, tí òyìnbó ń pè ní migraine, kì í ṣe irú èyí rárá. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló sábà máa ń mú, ó ń lù kìkì, ó ń rú èébì sókè, ìmọ́lẹ̀ àti ariwo á sì di ọ̀tá ẹni. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó máa ń gbà tó wákàtí 4 sí 72. Rírìn tó ń ran ẹ̀fọ́rí àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ńṣe ló ń mú túúlu le sí i. Àwọn kan wà tí ojú wọn á kọ́kọ́ máa rí ìmọ́lẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó ń kọ mọ̀nà, tàbí kí ibì kan ṣókùnkùn nínú ohun tí wọ́n ń wò, kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Obìnrin tó ń ṣe fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ọkùnrin lọ, ọ̀pọ̀ wọn ló sì máa ń rí i nígbà tí nǹkan oṣù wọn bá sún mọ́lé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó ní túúlu ni a kì í gbà gbọ́ jù. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé àsasí ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n á sì máa gbé e kiri. Àìsàn ọpọlọ àti iṣan ara ni túúlu, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí dá méjèèjì mọ̀. Nígbà tí orí náà bá ń fọ́, ṣé èébì máa ń gbé yín? Ṣé ìmọ́lẹ̀ máa ń ni yín lára? Ṣé ó ti mú kẹ́ ẹ pa iṣẹ́ tàbí ọjà tì fún ọjọ́ kan, ó kéré tán, láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Bí ìdáhùn sí méjì nínú rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ túúlu, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹni tó bá ní túúlu kò gbọdọ̀ máa dúró kí ó le tán kó tó lo oògùn. Bó bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni kó lò ó, ní ìwọ̀n tó pé, kó wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kó sùn bó bá lè sùn. Bí parasitámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen kò bá kápá rẹ̀, dókítà lè kọ oògùn tí wọ́n ṣe fún túúlu gan-an, bíi sumatriptan, àmọ́ kò yẹ ẹni tó ní àrùn ọkàn. Bó bá ń wá léraléra, oògùn ìdènà wà tí wọ́n máa ń lò lójoojúmọ́. Propranolol jẹ́ ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó ní ásímà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Obìnrin tó máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà kí túúlu tó dé, kó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì kó tó gba oògùn ìfètò sọ́mọ bíbí, nítorí oníhóró tó ní èròjà estrogen máa ń mú kí ewu àrùn rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ìfètò sọ́mọ bíbí mìíràn wà fún un.

Ẹ̀kẹta wà tó ṣọ̀wọ́n: ó máa ń gún ẹ̀yìn ojú kan ṣoṣo, omi á máa jáde lójú náà, imú á dí, ẹni tó ń ṣe kò ní lè jókòó sójú kan. Ọkùnrin ló ń ṣe jù. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí 3 ló máa ń lò, àmọ́ ó lè padà wá lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ tààrà.

Ṣé ibà ni àbí kì í ṣe ibà?

Níbi tí mo ti ń kọ èyí, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, bí ẹnì kan bá ní orí ń fọ́ òun, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní, “Ibà ni, ẹ lọ fọ ibà.” Lóòótọ́, ibà máa ń fọ́ orí. Àmọ́ ó sábà máa ń mú ara gbígbóná, òtútù, ìrora oríkèé àti ẹnu kíkorò wá pẹ̀lú. Àwọn àmì yìí náà kò sì tó láti dá a mọ̀, nítorí àìsàn mìíràn pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ibà. Àyẹ̀wò kíákíá wà, tí wọ́n á gún ìka, kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí rẹ̀, èsì á sì jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Bó bá jẹ́ ibà, oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì lò ó pé ọjọ́ mẹ́ta, kódà bí orí bá ti fi yín sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nàìjíríà ti kúrò lórí chloroquine láti 2005, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín fún ibà. Bí àyẹ̀wò bá sọ pé kì í ṣe ibà, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó ń fọ ibà lóṣooṣù láìṣe àyẹ̀wò, tó sì jẹ́ pé ojú tó nílò awò ojú ni ó ní, tàbí túúlu, ń ná owó rẹ̀ lásán ni, ohun tó ń ṣe é gan-an sì wà níbẹ̀ digbí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí orí bá ń fọ́, ẹ̀jẹ̀ ló ru, bí orí ò bá sì fọ́, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Èrò yìí ń pa èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ orí. Ó lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìṣe àmì kankan, ìwọ̀n nìkan ló sì lè fi í hàn: 140/90 sókè, bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ti ga jù. Nítorí náà, Bàbá tí dókítà ti kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún kò gbọdọ̀ dá a dúró torí pé “orí ò fọ́ mi mọ́.” Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n bá ti tó 180/120, tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú tàbí àyà ń dùn, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tí oògùn wọn kò sí nínú páálí

Bí gèlè, ìborùn tàbí fìlà bá fún jù, ó máa ń fọ́ orí, kì í sì í pé wákàtí kan tí wọ́n bá tú u tí á fi lọ. Irun tí wọ́n dì fún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń múra wòlímọ̀ tàbí ìgbéyàwó. Bí ọmọ bá ní irun náà ń dun òun, ẹ má sọ fún un pé kó fara dà á kó lè rẹwà. Ẹ tú u.

Oòrùn Ìlọrin láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin kì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń ta ojú títì láti àárọ̀ láìmu omi, orí rẹ̀ á fọ́. Omi ni oògùn rẹ̀, ìbòji ìkejì. Mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ mu omi kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó já oògùn.

Ààwẹ̀ Ramadan la gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rí ẹ̀fọ́rí ní ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, wọ́n á sì rò pé ebi ni. Ebi àti òùngbẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń jẹ gbánja tàbí tó ń mu tíì dúdú lójoojúmọ́, kaféènì tó já kúrò lára ló ń bá a jà. Ẹ̀fọ́rí bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn gbánja tàbí tíì ìkẹyìn. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú ààwẹ̀: ìdajì awẹ́ dípò odindi, tíì ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kí ó má fo sàárì. Láti ìgbà ìṣínu títí di sàárì, kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe pé kó da ike omi méjì sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí túúlu ń ṣe gidigidi kó rí dókítà kí oṣù tó lé. Al-Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, fún aláìsàn láyè láti san án padà lọ́jọ́ mìíràn, nítorí náà kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má gbàgbé. Bí gbogbo ará ilé bá jí tí orí ń fọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, tó sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tàn mọ́jú lẹ́bàá fèrèsé tàbí ní kọ́rídọ̀, tàbí ìkòkò èédú ni wọ́n gbé wọlé nígbà ọyẹ́, gáàsì carbon monoxide ni. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ máa gbé kiri ara. Àmì rẹ̀ tó dájú jù ni pé orí á máa fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta, á sì tún padà bí wọ́n bá wọlé. Ẹni tó bá lo parasitámọ́ọ̀lù tó sì padà sùn sínú yàrá yẹn lè má jí mọ́. Ẹ gbé gbogbo èèyàn jáde sí gbangba, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ náà, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ìta gbangba, jìnnà sí ilé, ni àyè jẹnẹrétọ̀.

Oògùn mẹ́ta tó wà ní kẹ́mísìtì gbogbo

| | Parasitámọ́ọ̀lù | Ibuprofen | Alábùkún |
|---|---|---|---|
| Ohun tó wà nínú rẹ̀ | parasitámọ́ọ̀lù, 500 mg nínú hóró kan | ibuprofen, 200 mg tàbí 400 mg | áspírìn àti kaféènì |
| Ìwọ̀n fún àgbàlagbà | hóró 1 tàbí 2, kó tó wákàtí 4 sí 6 kó tó lo òmíràn, kó má ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24 | 200 sí 400 mg, kó má ju 1,200 mg lọ lóòjọ́ láìsí àṣẹ dókítà | gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ |
| Oúnjẹ | kò pọn dandan | lẹ́yìn oúnjẹ | lẹ́yìn oúnjẹ |
| Ẹni tí kò yẹ | ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tó ń mu ọtí púpọ̀ | ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín, aláboyún; ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ásímà kó bi dókítà | gbogbo àwọn ti ibuprofen, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn |

Ní tèmi, parasitámọ́ọ̀lù ni kí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ mú. Òun ló rọ inú jù, òun náà sì ni àyànfẹ́ fún aláboyún. Ewu rẹ̀ ni pé ó máa ń fara pamọ́. Panadol Extra ní in nínú, ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti kátà náà sì ní in. Ẹni tó lo hóró méjì fún orí, tó tún lo oògùn ọ̀fìnkìn, tún lo Panadol Extra, ti lo ìwọ̀n tó pọ̀ láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ yí sáṣẹ́ẹ̀tì náà padà, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́.

Ibuprofen ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún túúlu, fún ẹ̀fọ́rí nǹkan oṣù, àti fún ti ọrùn tó gan. Àmọ́ lílò ó lórí inú òfìfo ló ti dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà ààwẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun ìṣínu tán ni àyè rẹ̀. Obìnrin tí oyún rẹ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ 20 kò gbọdọ̀ lò ó, nítorí ó lè pa kíndìnrín ọmọ inú lára.

Alábùkún ti wà láàárín wa tipẹ́. Jacob Odulate ló dá a sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, àwọn ìyá wa àgbà sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kíá, nítorí kaféènì máa ń ran áspírìn lọ́wọ́. Kò yẹ kí á fi í fún ọmọdé rárá, àní bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ń gbóná: áspírìn lè dá àrùn kan tó ń kọ lu ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ lára ọmọ tí ọ̀fìnkìn tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Parasitámọ́ọ̀lù olómi ni ti ọmọdé, bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n sí, kì í ṣe bí ojú ṣe wò ó.

Tramadol ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ń fi í fọ́ orí wọn jẹ, àwọn àgbà kan sì ti ń lò ó fún ẹ̀fọ́rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ń di bárakú, ó ń fa gìrì, kò sì sí nínú ohun tó yẹ kéèyàn rà fún ẹ̀fọ́rí.

Nígbà tí oògùn di ẹ̀fọ́rí

Èyí ló wọ́pọ̀, òun sì ni a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìpàtà. Agogo márùn-ún àárọ̀, orí ti ń fọ́ kí ó tó dìde lórí ibùsùn. Ó nawọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí, ó ya ìdì Alábùkún kan, ó dà á sórí ahọ́n, ó fi omi tẹ̀ ẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ya èkejì. Bí ọmọ rẹ̀ bá ní, “Ìyá, ẹ ò wa jẹ́ kí oògùn yìí simi díẹ̀?”, á ní, “Ọmọ mi, bí n ò bá lò ó, ilẹ̀ ò lè mọ́ mi.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Bí oògùn náà ṣe ń kúrò lára ni orí ń bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, bó sì ṣe ń lo òmíràn ni orí ń simi, títí tí oògùn fúnra rẹ̀ fi di ohun tó ń fọ́ orí.

Ìwọ̀n tó yẹ ká fi mọ̀ rèé. Ẹni tó ń lo parasitámọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún oṣù tó ju mẹ́ta lọ, wà nínú ewu yìí. Fún àwọn alápapọ̀ bíi Alábùkún àti Panadol Extra, àti fún tramadol àti sumatriptan, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Nítorí náà, bí a bá ń yan oògùn tí a ó máa lò léraléra, alápapọ̀ tó ní kaféènì ló yẹ ká jìnnà sí jù, bó ti wù kó yára tó.

Bí ìyá yẹn bá dá oògùn náà dúró, ẹ̀fọ́rí á le sí i fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ èyí, kí wọ́n bá a di ọjà mú, kí wọ́n má bínú sí i. Kó gba ọ̀dọ̀ dókítà, kó sì mọ̀ pé ẹni tó ti ń lo tramadol kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí ìtọ́jú.

Àgbo àti bóòmù

Mi ò bá ewé jà. Oògùn ibà tó dára jù lónìí, artemisinin, ara ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti rí i, Tu Youyou tó ṣiṣẹ́ náà sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ohun tó sọ ewé náà di oògùn tí gbogbo ayé ń lò ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ iye tó tó àti iye tó pọ̀ jù. Ohun tí àgbo inú ike ní ọjà kò ní nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ ló burú jù fún ẹni tó ní túúlu, nítorí ọtí fúnra rẹ̀ ń jí túúlu dìde, ọtí àti parasitámọ́ọ̀lù púpọ̀ kò sì bá ẹ̀dọ̀ ṣọ̀rẹ́. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú.

Bóòmù, ìyẹn ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù, bí wọ́n bá fi í ra iwájú orí àti ọrùn, lè mú ara tu ẹni tí orí rẹ̀ ń fún. Ẹ má fi sí imú ọmọ ọwọ́.

Kẹ́mísìtì tó àbí kò tó?

Bí ẹ̀fọ́rí bá jẹ́ èyí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń lọ lẹ́yìn ìsinmi àti parasitámọ́ọ̀lù, kẹ́mísìtì tó ní apòògùn tó kàwé ti tó. Bó bá ń wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí ilé ìwòsàn gbogbogbòò. Bó bá jẹ́ èyí tó dé lójijì tó sì dójú ìrora rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró ní kẹ́mísìtì rárá, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣàn nínú ọpọlọ. Bákan náà ni ẹ̀fọ́rí pẹ̀lú ẹnu tó wọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, tàbí apá àti ẹsẹ̀ kan tó rọ; gìrì; iyè tó ń ra; ẹ̀fọ́rí lẹ́yìn jàǹbá ọ̀kadà; àti ẹ̀fọ́rí tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 50.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ara bá ń gbóná, tí orí ń fọ́, tí ọrùn sì gan débi pé àgbọ̀n kò lè kan àyà, ẹ má fi ibà tan ara yín. Yírùnyírùn, tí òyìnbó ń pè ní meningitis, lè jẹ́, ó sì lè pa èèyàn láàárín ọjọ́ kan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn gbogbogbòò tàbí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní òru náà.

Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tí orí ń fọ́ gidi, tí ojú ń ṣú, tí òkè ikùn ń dùn tàbí tí ojú àti ọwọ́ ń wú, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kódà lẹ́yìn tó bá bímọ, ewu yìí ṣì wà títí di ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ìyàwó tẹ́ ẹ wà nílé pẹ̀lú ìyá ìkókó, ẹ má ní àárẹ̀ ìrọbí ni.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà nítorí ẹ̀fọ́rí tó ń padà wá, kàlẹ́ńdà ara ògiri ló wúlò jù fún un. Ẹ fi bírò pupa yí ọjọ́ tí orí fọ́, ẹ kọ aago rẹ̀ sí i, ẹ fi X sí ọjọ́ tí ẹ lo oògùn, kí obìnrin sì fi àmì kékeré sí ọjọ́ nǹkan oṣù. Oṣù kan péré ti tó kí àpẹẹrẹ rẹ̀ hàn. Ẹ ya ewé náà, ẹ ká a pọ̀, ẹ fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, kẹ́ ẹ gbé e lé tábìlì dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.